Ta Ni Yóò Sọ fún Ọ̀gá Pé Kó Dúró?

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kò jọ èyí tí a máa ń kọ síbí. Ọ̀rọ̀ bàálù ni. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i pé ọ̀rọ̀ ilé wa ni, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa àti ti gáréèjì wa sì ni pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí a kírun tán, a jókòó sábẹ́ ibòòji, àwọn kan nínú wa ń jẹ okpa gbígbóná tí Ninth Mile yìí fi lókìkí. Ni ọmọ kan nínú àwọn ọmọ wa bá gbé fóònù rẹ̀ síwájú wa pé kí a wá wo nǹkan. Fídíò ni. Inú yàrá kékeré tí àwọn awakọ̀ bàálù máa ń jókòó sí ni wọ́n ti yà á, láti ẹ̀yìn àwọn awakọ̀ méjèèjì, tó fi jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń rí ni ìwọ náà ń rí: ọ̀nà tó gùn lọ réré níwájú, àti aago oríṣìíríṣìí tó ń tàn yanran. Púpọ̀ nínú wa ti wọ bàálù rí. Àwọn kan wọ̀ ọ́ lọ sí Mẹ́kà, àwọn kan a máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Emene láti wọ̀ ọ́ lọ sí Èkó nígbà tí owó bá wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn, kò sẹ́ni tó débẹ̀ rí nínú wa. Nígbà kan, ní àwọn ìlú òkèèrè, wọ́n a máa jẹ́ kí ọmọdé wọlé lọ wò ó. Láti ìgbà ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń tì í pa kí bàálù tó gbéra.

Ohun méjì ló ya àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ lẹ́nu. Èkíní ni pé ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ náà di ìwé pélébé kan mú, ó ń ka ohun tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èkejì sì ń dá a lóhùn. Eléyìí ńkọ́? Ó ti wà níbi tó yẹ. Tọ̀hún ńkọ́? Mo ti wò ó. Bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ń bi ara wọn wà ní gbangba níwájú àwọn méjèèjì. Alhaji kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ọ̀gá yìí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, tí ọmọ kékeré fi ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ bí ọmọ ilé kéú?" Èkejì ló le jù. Kí wọ́n tó gbéra, ọ̀gá awakọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ ka ewu sílẹ̀ ketekete: bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú kí a tó sáré dé ibi báyìí, a ó dúró, bí iná bá sọ lẹ́yìn ìyẹn, èyí ni èmi yóò ṣe, èyí ni ìwọ yóò ṣe. Baba kan dìde ńlẹ̀, ó ní, "Aúsù bílláhì! Èèyàn ń rìnrìn-àjò, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe ikú?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí fídíò náà rán wa létí, a ó sì sọ ọ́ fún yín láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Awakọ̀ méjì ló máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀gá a jókòó lápá òsì, igbákejì a jókòó lápá ọ̀tún. Igbákejì yìí kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ o. Òun náà kọ́ iṣẹ́ náà, ó gbàwé ẹ̀rí, ó sì lè gbé bàálù náà dé ilẹ̀ láìsí ọ̀gá. Ní ìrìn-àjò púpọ̀, òun gan-an ló máa ń wà á, tí ọ̀gá yóò sì máa ṣọ́ ọ. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ ìṣọ́ yẹn. Ẹni tí kò bá wa bàálù lọ́wọ́ kò sinmi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wo ẹni tó ń wà á, kó sì sọ̀rọ̀.

Kí wọ́n tó kúrò nílẹ̀, wọ́n á ti ṣírò iye kan. Wọ́n á wo bí bàálù ṣe wúwo tó lọ́jọ́ náà, bí ọ̀nà tí yóò sá lé ṣe gùn tó, bí oòrùn ṣe mú tó àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́. Iye eré kan ni wọ́n máa ń rí jáde níbẹ̀, V1 ni wọ́n ń pè é. Bí bàálù bá ti ń sáré, ẹni tó ń ṣọ́ yóò máa ké. Ní ilé iṣẹ́ púpọ̀, ó máa kọ́kọ́ ké nígbà tí eré bá tó bíi 150 kìlómítà ní wákàtí kan, kí àwọn méjèèjì lè wò ó bóyá aago eré tiwọn bára mu. Lẹ́yìn náà, ó ké V1. Lẹ́yìn náà, ó ní kí ẹni tó ń wà á gbé imú bàálù sókè. Tó bá rí i pé wọ́n ti ń gòkè lóòótọ́, ó sọ ọ́, wọ́n á sì ká ẹsẹ̀ bàálù wọnú.

Ìtumọ̀ V1 ni pé kí wọ́n tó dé eré yẹn, ọ̀nà tó kù níwájú ṣì tó láti fi tẹ bíréèkì kí bàálù sì dúró. Tí wọ́n bá ti kọjá rẹ̀, kò tó mọ́. Bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú lẹ́yìn ìyẹn, lílọ ló kù. Wọ́n á fi ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ́kù gòkè, wọ́n á yí padà wá balẹ̀. Nítorí náà, ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù, ọwọ́ ọ̀gá máa ń wà lórí irin tí wọ́n fi ń darí agbára ẹ́ńjìnnì ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń sáré, kó lè fà á sẹ́yìn kíá bí ewu bá yọ. Tí wọ́n bá ti ké V1, á gbé ọwọ́ náà kúrò. A rí i nínú fídíò náà. Ọkùnrin tó ti hewú lórí ni, ó gbé ọwọ́ kúrò wẹ́rẹ́ bí ẹni tí wọ́n pàṣẹ fún, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ké.

Ti ìwé pélébé yẹn ńkọ́? Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1935, ní Wright Field ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, bàálù ogun tuntun kan tí Boeing ṣe gbéra níwájú àwọn ológun, ó gòkè díẹ̀, ó já lulẹ̀, ó sì gbiná. Ọ̀gá àgbà nínú iṣẹ́ náà ló ń wà á, Ployer Hill lorúkọ rẹ̀. Òun àti Leslie Tower, awakọ̀ ilé iṣẹ́ Boeing fúnra rẹ̀, ló kú lẹ́yìn ìjàǹbá yẹn. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára bàálù náà. Wọ́n gbàgbé láti tú ohun tí wọ́n fi ń de ìdí rẹ̀ nígbà tó bá wà nílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà máa mì í ni. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe sílẹ̀ láti máa kà á. Kì í ṣe torí aláìmọ̀kan ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Torí ọ̀gá ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kì í gbàgbé, ẹ̀rù kì í jẹ́ kó gbàgbé.

Ó wá ku ohun tí a ní a ó sọ. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a para pọ̀ gba bọ́ọ̀sì kan níbí láti lọ ṣe Iléyá nílé. Dẹ́rẹ́bà wa jẹ́ àgbàlagbà, ó mọ ọ̀nà náà bí ẹni mọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ kan wà pẹ̀lú rẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Nígbà tí ẹrù ti pé, tí gbogbo èèyàn ti jókòó, tí a ti ṣe àdúà tán, ọmọ yìí wá sí ẹ̀gbẹ́ dẹ́rẹ́bà, ó ní, "Ọ̀gá, táyà ẹ̀yìn yẹn ò dáa o. Ó ti wú lẹ́gbẹ̀ẹ́." Dẹ́rẹ́bà kò dá a lóhùn. Ó tún un sọ. Àwa tí a jókòó níwájú ló jágbe mọ́ ọn. Ohun tí a sọ fún un rèé, a kò gbàgbé: "Má fi ẹnu burúkú bá wa rìnrìn-àjò. Ṣé ìwọ lo máa kọ́ ẹni tó bí ọ níṣẹ́ ni?" Gbogbo ọkọ̀ ṣe hàà, wọ́n ní Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́. Ọmọ náà lọ dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi kọjá Onitsha, kò sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Benin. A kò tíì dé Ọ̀rẹ̀ tí táyà náà fi bẹ́.

Ọlọ́hun ṣàánú wa, a dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó kú. Apá ìyá kan ṣẹ́ sí ọ̀nà méjì, ọwọ́ náà kò sì nà tán títí di òní. Ìyá náà jókòó sí ẹ̀yìn wa gan-an. Kò fi ọ̀rọ̀ kàn wá rí, àwa la mọ ohun tí a sọ.

Ẹ̀yin ará wa, ìdí tí fídíò náà kò fi pa wá lẹ́rìn-ín nìyẹn. Ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wúlò. Ọkọ̀ ò tíì kúrò lójú kan. Fọganáísà wà ní ìtòsí, Ninth Mile kò kúkú fi ìgbà kankan ṣaláìní fọganáísà. Ohun tó ná wa kò ní ju wákàtí kan lọ. Ṣùgbọ́n ohun méjì tí àwọn àgbà wa fi ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́ ibòòji, ohun méjì yẹn náà la fi pa á lẹ́nu mọ́: pé ó kéré, àti pé ó pe ibi lórúkọ.

Kí ẹ má baà rò pé bọ́ọ̀sì nìkan ló rí bẹ́ẹ̀, ẹ rántí oṣù kẹwàá ọdún 2013. Dókítà Olúṣẹ́gun Àgágù, tó ti ṣe gómìnà Òǹdó rí, kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá, wọ́n gbé òkú rẹ̀ sínú bàálù kékeré kan ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà láti gbé e lọ sí Àkúrẹ́ fún ìsìnkú. Èèyàn 20 ló wọ̀ ọ́. Bàálù náà já lulẹ̀ kété tó gbéra, ó sì ju èèyàn mẹ́wàá lọ tó kú. Nígbà tí àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá bàálù gbọ́ ohùn tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ nínú yàrá àwọn awakọ̀, ohun tí wọ́n gbé jáde nìyí. Igbákejì sọ pé eré bàálù náà ń falẹ̀. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fọhùn, ó ń kìlọ̀ pé abala apá bàálù kò sí níbi tó yẹ fún gbígbéra. Ní bíi ìṣẹ́jú àáyá 12 lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí kìlọ̀, igbákejì bi ọ̀gá léèrè bóyá kí wọ́n dá a dúró. Ọ̀gá ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n sì ń lọ. Ẹ̀rọ kò yéé fọhùn títí wọ́n fi kúrò nílẹ̀. Ìwádìí tọ́ka sí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì kan pẹ̀lú tí kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, nítorí náà a kò ní sọ pé ohun kan ṣoṣo ló fà á, a kò sì jókòó ṣe ìdájọ́ òkú. Ṣùgbọ́n ẹ tún ọ̀rọ̀ igbákejì yẹn gbọ́. Kò sọ pé, "Dúró." Ó béèrè ni. Ẹni tó mọ ilé Yorùbá, tó mọ ilé Nàìjíríà lápapọ̀, yóò mọ ìbéèrè yẹn. Bí ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé ṣe máa ń sọ fún àgbà pé ó ṣì í nìyẹn.

Kì í ṣe àwa aláwọ̀ dúdú nìkan. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, ní erékùṣù Tenerife, bàálù ńlá méjì kọlu ara wọn lórí ilẹ̀, èèyàn 583 sì kú. Kò tíì sí ìjàǹbá bàálù méjì tó pa tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó sáré gbéra láìgba àṣẹ níbẹ̀ jẹ́ olùkọ́ àwọn awakọ̀ ní ilé iṣẹ́ KLM, orúkọ rẹ̀ lókìkí. Kùrukùru bo gbogbo ilẹ̀. Ọkùnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì béèrè bóyá bàálù kejì kò tíì kúrò lọ́nà. Ọ̀gá fi ìdánilójú dá a lóhùn pé ó ti kúrò. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n, Òyìnbó tí a máa ń sọ pé ọmọ wọn kì í bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé síwájú yín ni pé ta ló jẹ̀bi nínú irú ọ̀ràn báyìí? Ìdáhùn tó yá ẹnu ni pé ọmọ náà kò nígboyà, ìbá ti pariwo. A ti ro èyí títí, a kò sì gbà á. Ẹ kò lè fi ogún ọdún kọ́ ọmọ pé kó dọ̀bálẹ̀, kó má wo àgbà lójú, kó má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wa, kí ẹ wá retí pé láàárín ìṣẹ́jú àáyá 12 ni yóò di akọni. Ìgboyà kì í ti inú òfuurufú já bọ́. Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ bàálù ṣe lẹ́yìn Tenerife yàtọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1980 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ̀gá àti igbákejì pọ̀ nínú kíláàsì kan náà. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ fún igbákejì ṣáájú, ọ̀rọ̀ tí kò ní láti ronú kó tó sọ, wọ́n sì sọ ìgbà tí yóò sọ ọ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ nílẹ̀ pé bí o bá rí báyìí, pè é. Ọmọ tó bá wá pè é kò yájú sí ẹnì kankan. Iṣẹ́ tí ọ̀gá rán an ló ń jẹ́. Ewu tí baba wa sọ pé ọ̀gá ń fi ẹnu ara rẹ̀ pè, ibẹ̀ gan-an ló ti ń fún ọmọ láṣẹ.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀kọ́ Òyìnbó lèyí. Ẹ jọ̀wọ́, kí la ń ṣe nínú mọṣáláṣí? Bí Lemọ́mù bá ṣì irun kí, ọmọ ilé kéú tó wà ní ẹ̀yìn pátápátá ní ẹ̀tọ́ láti wí pé "Súbúhánálláhì", àwọn obìnrin a pàtẹ́wọ́. Lemọ́mù kì í yíjú padà wò ó pé ọmọ ta nìyẹn. Gbogbo wa mọ ìtàn Dhul-Yadayn. Ànábì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kírun rákà méjì níbi tó yẹ kó jẹ́ mẹ́rin, ó sì sálámà. Abúbákárì wà níbẹ̀, Úmárù wà níbẹ̀, ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún un kò jẹ́ kí wọ́n lè lanu. Dhul-Yadayn ló béèrè bóyá wọ́n dín irun kù ni àbí ìgbàgbé ni. Ànábì kò bínú. Ó bi àwọn tó kù léèrè bóyá òótọ́ ló sọ, wọ́n ní òótọ́ ni, ó sì kí èyí tó kù. Àwọn àgbà méjèèjì yẹn, ta ló tó wọn? Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀wọ̀ dè wọ́n lẹ́nu. Ó yà wá lẹ́nu pé a gba èyí fún irun, a kò gbà á fún táyà.

A mọ ohun tí àwọn àgbà yóò fèsì, nítorí àgbà làwa náà. Wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i lórí ìdúró. (Nínú bàálù, àwọn méjèèjì ló jókòó.) Wọ́n á ní bí a bá fún ọmọdé láyè, wọn kò ní jẹ́ ká sinmi. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní Milliken Hill rí, níbi tí ọ̀nà ti ń lọ́ tí ọ̀gbun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, mọ̀ pé tí èrò mẹ́wàá bá ń kígbe lẹ́ẹ̀kan náà, "Dẹ́rẹ́bà, rọra! Dẹ́rẹ́bà, yà!", àwọn gan-an ni yóò ti ọkọ̀ sínú ọ̀gbun. Àwọn awakọ̀ bàálù mọ èyí pẹ̀lú. Tí bàálù kò bá tíì gòkè tó 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, wọn kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kankan tí kò jẹ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ẹnu wọn kò gba ìtàkúrọ̀sọ, ó gba ìkìlọ̀. Tí V1 bá sì ti kọjá, ẹni tó bá ń kígbe pé kí wọ́n dúró ń pa ara rẹ̀ àti ẹlòmíràn ni. Ọ̀gá náà ló ń pàṣẹ. A kò sọ pé kí ọmọ gba ìdarí ọkọ̀ lọ́wọ́ baba.

A wá ọmọ bọ́ọ̀sì yẹn lẹ́yìn tí a ti Iléyá dé. Àwọn ará gáréèjì ní ó ti bá ọkọ̀ Kàdúná lọ. A kò rí i mọ́ títí di òní. Ohun tí a fẹ́ sọ fún un kò gùn.

Iléyá tún ń bọ̀, bọ́ọ̀sì méjì ni ẹgbẹ́ yóò sì gbà lọ́tẹ̀ yìí. A ti dá a lábàá pé kí a tó ṣe àdúà ìrìn-àjò, kí dẹ́rẹ́bà kọ̀ọ̀kan pe ọmọ rẹ̀ jáde níwájú gbogbo èrò, kó sọ fún un pé bó bá rí ohun tí kò yé e lára ọkọ̀, kó kan ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òun yóò dúró wò ó láìbínú. Baba tó ké Aúsù bílláhì lọ́jọ́ Jímọ̀ náà ní òun kò fọwọ́ sí i, pé àdúà tó. Alhaji tó rẹ́rìn-ín ní òun á rò ó. Àwọn ìyá ti fọwọ́ sí i, àti ìyá ọlọ́wọ́ ṣíṣẹ́ yẹn pẹ̀lú. Ní ìpàdé tó ń bọ̀ ni a ó parí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dé, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ yín dání.